Oorun Ọ̀sán Òjélabí

Àgbà tó ní ẹnu òrofó ní í pa òrofó kò sọ fún wa bóyá ẹyẹ náà ń sùn ni tàbí ó lajú sílẹ̀.

Òjélabí yọ́ ṣí pèrègún ààlà nípò, ó sì gbà nínú ilẹ̀ Àkànmú, àgbà tí oko wọn jọ pààlà. Kò pẹ́ ni ìyàwó rẹ̀ sọ fún un pé ó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. Àyà rẹ̀ já. Wọ́n ṣáà ní ohun tí ẹnu bá kọ̀ tí kò sọ, oorun ní í bá a tú u.

Nígbà tí Àkànmú bẹ ọ̀wẹ̀, ó di dandan kí Òjélabí lọ. Wọ́n kọ ebè tán, wọ́n jẹ iyán, kálukú nà sábẹ́ igi. Òjélabí ń fi èékánná ja ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀ kó má baà sùn. Iyán ò gbà.

Ìgbà tó lajú, Àkànmú ló ń wò ó.

“Òjélabí, o mà sọ̀rọ̀ lójú oorun.”

Ó dọ̀bálẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣàánú mi. Ẹsẹ̀ méje péré ni mo ṣí pèrègún náà.”



“Ọbẹ̀ lo ní kí wọ́n bù sí i,” Àkànmú ní. “Pèrègún wo?”

Lábẹ́ igi, àwọn tó sùn ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń wá àdá wọn.