Orúkọ Tó Padà Sọ́dọ̀ Òkú Kọ̀ǹpútà

Adérọ̀gbà, gbọ́ ìtàn kan: ọkùnrin kan wà tó jẹ́ pé orúkọ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ilé ìwòsàn ńlá kan ló gbà á. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ ló ní orúkọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, orúkọ náà ló sì ń júwe kọ̀ǹpútà tí iṣẹ́ ẹ̀ka ọ̀hún wà. Bí nọ́ọ̀sì bá fẹ́ béèrè ẹ̀jẹ̀, orúkọ ẹ̀ka ẹ̀jẹ̀ ni yóò tẹ̀.

Ọkùnrin yìí kì í to orúkọ wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kọ gbogbo wọn sínú fáìlì kan, ó sì ní ẹ̀rọ tó ń tẹ̀lé fáìlì náà. Ohunkóhun níta, lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí kò bá bá fáìlì mu, ẹ̀rọ á dá a padà sí bó ṣe wà nínú fáìlì. Ọgbọ́n gidi ni, mi ò ní purọ́.

Lọ́jọ́ kan, kọ̀ǹpútà ẹ̀ka ẹ̀jẹ̀ kú. Wọ́n gbé tuntun wá. Ariwo pọ̀, fóònù ń dún, ni ọkùnrin wa bá fọwọ́ ara rẹ̀ yí orúkọ náà sí tuntun, níta lọ́hùn-ún. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kí i kú iṣẹ́ títí. Fáìlì ńkọ́? Ó ní tó bá yá.

Nígbà tó ṣe, ó fẹ́ fi orúkọ kan kún un fún ẹ̀ka eyín. Ó kọ ọ́ sínú fáìlì, ó ní kí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ fi ti eyín kún un. Ó rí i pé ti ẹ̀jẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tó wà nínú fáìlì, ó sì dá a padà sọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà tó ti kú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, obìnrin kan bímọ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dá. Nọ́ọ̀sì béèrè ẹ̀jẹ̀ títí, kò sí ìdáhùn. Ó sáré lọ gbà á fúnra rẹ̀. Díẹ̀ báyìí ló kù kí ẹ̀mí ìyá ọmọ náà bọ́.

Inú bí ọkùnrin wa. "Ta ló fọwọ́ kan orúkọ yìí? Ṣebí mo ti tún un ṣe!" Ó wádìí kiri. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ohun tóun fúnra rẹ̀ kọ ni ẹ̀rọ ṣe.

O bi mí lánàá ìdí tí ìbínú rẹ fi ń padà, lẹ́yìn tí o ti bẹ ìyàwó rẹ níwájú gbogbo wa. Ó ya èmi náà lẹ́nu, mo sì rò ó. Ẹ̀bẹ̀ rẹ dára, àmọ́ ìta lo tún ṣe. Ohun tí o ti kọ sínú ọkàn rẹ nípa rẹ̀, pé kò kà ọ́ sí, ṣé o ti pa á rẹ́? Wọ ibẹ̀ lọ lónìí, Adérọ̀gbà, kí ó má baà jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kékeré kan ni yóò dá ọ padà, tí wàá tún máa bi àwọn ọmọ rẹ léèrè ẹni tó múnú bí ọ.