Àwọn Ẹṣin Tí Kì í Ta Gìrì

Ọkùnrin kan wà tí ó ń sin ẹṣin ní pápá tó wà lẹ́yìn ìlú Kíṣí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó jókòó sórí àpótí, ó ń fi òróró pa awọ gàárì. Ìrì ṣì wà lórí koríko. Ìyàwó rẹ̀, Àwẹ̀ró, gbé agbọ̀n èèpo ẹ̀wà bọ̀ láti inú ilé. Àwọn ẹṣin wà ní ìsàlẹ̀ pápá, wọ́n ń jẹko. Obìnrin náà sọ agbọ̀n kalẹ̀, ó tú gèlè funfun orí rẹ̀, ó gbé e sókè, ó sì ń jù ú síhìn-ín sọ́hùn-ún títí ọ̀kan nínú wọn fi rí i. Bí ọ̀kan ti rí i ni gbogbo wọn sáré wá.

"Ṣé o ò lè pè wọ́n ni?" ni ọkọ rẹ̀ wí. "Àbí ohùn rẹ ti há?"

"Mo ti pè wọ́n, baálé mi. Bí mo bá pè wọ́n láti ẹ̀yìn, wọn kì í yíjú."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ẹṣin tó yẹ ọba ni wọ́n. Ta ni ọ́ tí wọn yóò fi máa jẹ́ ọ ní 'hẹn mà'?"

"Ó dáa. Ẹ̀yin tí wọ́n ń jẹ́ lóhùn, ẹ pè wọ́n lọ́la, kí n gbọ́."

Kò pè wọ́n ní ọjọ́ kejì. Iṣẹ́ gàárì ló gbájú mọ́, ọ̀rọ̀ náà sì bọ́ lọ́kàn rẹ̀.

Ìdí wà tí ó fi ń fi àwọn ẹṣin náà yangàn. Ní ìgbà èwe rẹ̀, ó mú akọ ẹṣin kan lọ sí ọdún ní ìlú ńlá kan. Ojú ẹṣin náà funfun láti iwájú orí títí dé ètè, ẹyinjú rẹ̀ sì mọ́ bí ojú ọ̀run tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Nígbà tí àwọn ọdẹ yìnbọn, gbogbo ẹṣin yòókù fò sókè, wọ́n da ọmọ ọlọ́lá sínú erùpẹ̀ pẹ̀lú agbádá. Akọ ẹṣin yìí nìkan ló dúró, ó ń wo èéfín bí ẹni ń wo ìkùukùu lásán. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Àìfòyà, gbogbo ẹni tó ń gẹṣin lọ́dún sì ń wá ọmọ rẹ̀ kiri.

Ọkùnrin náà gbà pé ìgboyà lè ti inú ẹ̀jẹ̀ wá, bí àwọ̀ àti gíga ti ń ti inú ẹ̀jẹ̀ wá. Kò ṣìnà níbẹ̀. Nítorí náà, ó mú kí Àìfòyà gun àwọn abo tó jọ ọ́, ó sì tún mú kí ó gun àwọn ọmọbìnrin ara rẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ mìíràn má bàa dà pọ̀ mọ́ ọn. Ìran dé tẹ̀ lé ìran, ojú wọn túbọ̀ ń funfun, ara wọn túbọ̀ ń balẹ̀. Ọmọ ẹṣin tí kò tíì já lẹ́nu ọmú yóò sùn fọnfọn bí wọ́n bá ń lu irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn àlejò a máa mi orí. Òun náà a máa mi orí, ẹnu yà á sí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe.

Ní ìgbà òjò, ibà mú Àwẹ̀ró, kò sì dìde mọ́. Ọmọ ọdẹ ni. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá sin ín sábẹ́ igi òrí tó wà ní etí pápá, wọ́n sì yìnbọn bí ìdílé wọn ti ń ṣe. Ọkùnrin náà gbé ojú sókè láàárín ẹkún, ó rí àwọn ẹṣin tí wọ́n ń jẹko lọ. Ọ̀kan kò gbé orí. Ó dùn ún wọnú egungun. Ó sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Ẹni tó ń bọ́ yín ni a ń sin yìí o."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ìsìnkú, òun fúnra rẹ̀ ló gbé agbọ̀n èèpo ẹ̀wà jáde. Ó pe Àìfòyà, tó ti di arúgbó báyìí. Kò yíjú. Ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ ní orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó pariwo títí ọ̀fun fi dùn ún. Pápá dákẹ́. Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ àárọ̀ ọjọ́ yẹn padà sí i lọ́kàn, ó wọlé, ó mú gèlè funfun tó ṣì so kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó gbé e sókè.

Wọ́n sáré wá. Wọ́n gbóòórùn gèlè náà, wọ́n sì ń wo ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n ń wá obìnrin tó ni ín.

Ọkùnrin náà mú ọmọrí ìkòkò irin méjì, ó dúró sẹ́yìn Àìfòyà, ó gbá wọn pọ̀. Àdàbà fò kúrò lórí ọgbà. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó ń ru omi fún wọn já okùn, ó bẹ́ lọ. Etí Àìfòyà kò mì. Ọkùnrin náà lọ sẹ́yìn àwọn tó kù, ó ń gbá irin náà, ó ń sunkún. Gbogbo àwọn olójú funfun ń jẹ èèpo ẹ̀wà wọn ní àlàáfíà.

Wọn kò gbọ́ ohunkóhun rí láti ọjọ́ tí a ti bí wọn. Ohun tí ó pè ní ìgboyà, etí dídi ni. Òun ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ so baba mọ́ ọmọ, tó ń di etí àwọn tí a kò tíì bí.

Ó jókòó sínú ìrì. Bí ìbànújẹ́ náà ti pọ̀ tó, ìyanu mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í bò ó mọ́lẹ̀. Ní gbogbo ọdún tí ó fi ń gun Àìfòyà, bí ó bá ní kí ó dúró, ó ń dúró. Bí ó bá ní kí ó yà, ó ń yà. Báwo ló ṣe ń mọ̀? Ó rántí pé bí òun bá fẹ́ dúró, ẹ̀yìn òun a fà sẹ́yìn díẹ̀. Bí òun bá fẹ́ yà, orúnkún òun a tẹ ẹ́ kí ẹnu òun tó là. Ẹranko náà ti ka gbogbo ara rẹ̀ bí ẹni ń ka ìwé. Kò gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ rí, síbẹ̀ kò fìgbà kan kọ àṣẹ ẹni tó gùn ún. Ọkùnrin náà dojú bolẹ̀ níwájú ẹṣin, bí a ti ń ṣe níwájú àgbà.

Kò pẹ́ tí agẹṣin ọlọ́lá kan fi dé láti apá gúúsù ilẹ̀ wa. Ó ń wá ọmọ Àìfòyà tí ọmọbìnrin rẹ̀ yóò gùn lọ́jọ́ ọdún, ní títì ọlọ́dà, láàárín mọ́tò àti ọ̀kadà. "Mo gbọ́ pé irin ni ọkàn wọn," ni àlejò náà wí. "Ọmọ mi kan ṣoṣo ni. Ẹṣin tí kò ní gbé e ṣubú ni mo ń fẹ́."

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Àìfòyà ti wà ní gàárì. Bí ọkùnrin yìí bá dákẹ́, orúkọ ìran ẹṣin rẹ̀ yóò máa dún lọ. Ó gbé ọmọrí ìkòkò, ó lọ sẹ́yìn ẹṣin.

"Ẹ wo etí rẹ̀, bàbá," ni ó wí, ó sì gbá irin náà.

Etí náà kò mì. Àlejò náà ní, "O mọ̀ pé o ti ba ọjà ara rẹ jẹ́?"

"Mo mọ̀. Mọ́tò tó bá fun fèrè lẹ́yìn ọmọ yín, ẹṣin yìí kò ní mọ̀."

"Ta ló fi hàn ọ́?"

"Ìyàwó mi ni."

"Pè é wá, kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

Ọkùnrin náà nawọ́ sí abẹ́ igi òrí. Àlejò náà ṣí fìlà. Ó lọ láìmú ẹṣin, ìròyìn sì tẹ̀ lé e lọ. Ọdún dé, kò sí oníbàárà tó yà sí pápá náà.

Ọkùnrin náà kò mú olójú funfun pọ̀ mọ́ olójú funfun mọ́. Ó lọ gba abo ẹṣin pupa kan tí gbogbo ènìyàn ń kọ̀, tó jẹ́ pé bí ewé bá já, á ta gìrì. Abo náà bí fún ọmọ Àìfòyà. Àmì funfun kékeré kan ló wà níwájú orí ọmọ náà. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rinlẹ̀, korobá bọ́ lọ́wọ́ aládùúgbò kan lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ ẹṣin náà fò sókè, ó ṣubú, ó dìde, ó sá wọ abẹ́ ìyá rẹ̀.

Aládùúgbò náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. "Ọmọọmọ Àìfòyà ló dojo báyìí! Ojú tì yín o!"

Ọkùnrin náà rọra pe ọmọ ẹṣin náà láti ẹ̀yìn. Etí kan yí padà, ó sì dúró síbi tí ohùn ti wá.

Ìwọ tí mo ń pa ìtàn yìí fún, tí o jókòó níwájú mi yìí, o sọ fún mi láàárọ̀ pé ní ilé bàbá rẹ, ẹnikẹ́ni kì í sunkún. Pé ọkàn líle ni ogún yín. O ní ojú ń tì ọ́ nítorí ọmọ rẹ obìnrin, tí kò tíì yéé sunkún láti ìgbà tí a ti sin ìyá rẹ̀. Má bá a wí mọ́. Lọ dúró lẹ́yìn ara rẹ, kí o pàtẹ́wọ́, kí o wò ó bóyá ohun kan yóò mì. Bí kò bá mì, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ. Bí wọ́n ti bí ọ nìyẹn, o sì ti fi í ṣe ọkùnrin gidi. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ń gbọ́. Jẹ́ kí ó gbọ́ fún gbogbo yín.

Ní ti ọkùnrin yẹn, àwọn ẹṣin arúgbó rẹ̀ ṣì wà ní pápá. Ní àràárọ̀, ó ń gbé gèlè funfun sókè, wọ́n sì ń wá.