Adìẹ Àwẹ̀ró àti Akátá Ẹ̀yìn Ilé

Ní abúlé kan tí wọ́n ń pè ní Àbàtàdúdú, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ọdẹ́jìmí ọdẹ ni ọkọ rẹ̀. Àwẹ̀ró kò bímọ. Adìẹ ni ó ń sìn. Àgbébọ̀ kan tí ìyá rẹ̀ fà lé e lọ́wọ́ kí ó tó kú ni ó fi bẹ̀rẹ̀, ìyẹn sì ti pa ọmọ kún ẹ̀yìnkùlé.

Láyé ìgbà náà, akátá kì í wọ abúlé. Inú igbó ló ń gbé, òkété àti ọ̀yà ni ó ń pa jẹ, ìyẹn kò sì jẹ́ kí àwọn ẹran náà pọ̀ débi tí wọn yóò jẹ oko àgbẹ̀ run. Ṣùgbọ́n ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kan, Ọdẹ́jìmí àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ finá sí igbó náà. Wọ́n pa òkété, wọ́n pa ọ̀yà, àtìyá àtọmọ. Ẹran yíyan kún àjà. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, kò sí ohun tó ń sáré nínú igbó mọ́, àfi akátá tí ebi ń pa.

Kò pẹ́ tí òròmọdìẹ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dín. Ọdẹ́jìmí ní ìrìnkurìn adìẹ ló fà á. Ó sọ igi lu àgbébọ̀ náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Nígbà tí Àwẹ̀ró fi ẹkún bọnu, ọkọ rẹ̀ pe àwọn àgbà ilé jọ pé kí wọ́n wá bá a wí.

Bàbá Ládèjì, olórí ẹbí, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Adìẹ tí kò gbélé, ta ló fìwà jọ bí kò ṣe ẹni tó ni ín?"

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá," Àwẹ̀ró dáhùn lórí ìkúnlẹ̀. "Akátá ń bẹ lẹ́yìn ilé báyìí. Mo rí ìrù rẹ̀ láàárọ̀. Ẹ ti jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán nínú igbó, adìẹ mi ló wá ń jẹ. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọkùnrin mú ọfà."

"Panu mọ́!" ni Bàbá Ládèjì àti àwọn àgbà yòókù jágbe mọ́ ọn. "Ṣé ìwọ ni yóò wá kọ́ ọdẹ ní ọ̀rọ̀ igbó?"

Wọ́n bá a wí títí oòrùn fi kan àtàrí. Wọ́n ṣì wà lórí ọ̀rọ̀ náà nígbà tí igbe adìẹ sọ lẹ́yìnkùlé. Kí wọ́n tó débẹ̀, akátá ti gbé àgbébọ̀ tí kò lè sá. Ìyẹ́ nìkan ló kù nílẹ̀.

Àwẹ̀ró ṣa ìyẹ́ náà jọ, ó dì í mọ́ etí aṣọ rẹ̀.

"Màá wá òmíràn fún ọ," ni Ọdẹ́jìmí wí.

Àwẹ̀ró di ẹrù rẹ̀, ó gba ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀ lọ, kò sì padà mọ́.

Láti ọjọ́ náà, àwọn àgbà tó ní kí ó panu mọ́ yìí kan náà ni wọ́n ń pa á lówe, láìdárúkọ rẹ̀, pé: ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó fàbọ̀ bá adìẹ.