Àmì Ọdẹ́kúnlé Lára Òkúta Tí Ń Yí Oòrùn Ká

Ẹ̀yin tí ẹ fi ìrọ̀lẹ́ yín ta mí lọ́rẹ, ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Ọdẹ́dìran ni mo ń jẹ́, ọmọ Ìdí-Àpáta, níbi tí a ti ń dáná sórí àpáta kí ó lè sán fún àwọn afọ́kúta. Ẹ̀gbọ́n mi Ọdẹ́kúnlé wọ Igbó Arìnká, kò sì padà. Àwọn ọdẹ fẹ́ ṣe ìṣípà rẹ̀, ètùtù tí a fi ń ya òkú ọdẹ kúrò lára alààyè, ṣùgbọ́n ìyá wa kọ̀ jálẹ̀, àfi bí òun bá rí ohun kan tí ọwọ́ ọmọ òun kàn. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé ìbọn kọ́ èjìká.

Igbó yẹn kò jọ tiwa: ojú ọ̀run ló wà, òkúta ló sì wà níbẹ̀ dípò igi. Iwin ni àwọn òkúta ibẹ̀. Ojú òfuurufú ni wọ́n ti ń yí oòrùn ká, wọn a sì máa kọjá lẹ́bàá ayé nígbà mìíràn. Mo fò mọ́ èyí tó dàgbà jù nínú wọn, èyí tí àwọn ọdẹ wa máa ń gbẹ́ àmì ọ̀nà sí lára, bí ó ti ń kọjá.

“Ta ní ń tẹ̀ mí léjìká?” ni iwin náà wí.

“Èmi Ọdẹ́dìran ni, bàbá. Mo ń wá àmì tí ẹ̀gbọ́n mi gbẹ́ sára yín kí ó lè mọ̀nà àbọ̀.”

“Kọ́kọ́ dá mi lóhùn. Òjò kì í rọ̀ sí mi, afẹ́fẹ́ kì í fẹ́ sí mi. Kí ní ń fọ́ mi?”

Mo rántí iná àwọn afọ́kúta wa. “Ooru ni. Ẹ ń wú bí ẹ bá kọjú sí oòrùn, ẹ ń súnkì bí ẹ bá kẹ̀yìn sí i.”

“O gbà á. Bí mo bá sì súnmọ́ oòrùn gan-an, awọ mi a sán, a bó dànù, tuntun a yọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ gbẹ́ àmì rẹ̀ dáadáa. Nígbà tó padà wá a, kò bá a mọ́. Ó kígbe títí kí ènìyàn lè gbọ́, ó sì rìn wọ inú òkùnkùn.”

Inú bí mi sí Ọdẹ́kúnlé. Ẹni tí a bí sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná afọ́kúta ló gbẹ́kẹ̀ lé òkúta tí ń yí oòrùn ká. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ọdẹ wa ṣe ń ṣe náà nìyẹn. Mo sunkún, mo kó ẹ̀rúnrún awọ òkúta náà tó kù sápò, mo sì fò sílẹ̀ nígbà tí iwin náà tún súnmọ́ ayé.

Nígbà tí mo délé, ìyá wa tú ẹ̀rúnrún náà sórí ẹní. “Èwo ni ọwọ́ ọmọ mi kàn níbẹ̀?”

“Màámi, n kò mọ̀.”

Ó ká ẹní náà. Títí di òní, kò gbà kí a ṣe ìṣípà.

Ẹ̀yin ọdẹ, ẹ má fi ọ̀nà àbọ̀ yín lé òkúta lọ́wọ́. Ẹ mú ènìyàn dání, ẹni tí yóò lè sọ ibi tí ẹ kú sí fún ìyá yín.