Oṣù Tó Lé Fún Ènìyàn Méjì

Ọkùnrin kan wà tó ń ránṣọ ní ìlú kan tí àpáta yí ká. Láyé ìgbà náà, kò tí ì sí rédíò nílùú wọn, kò sì sí ẹni tí yóò ránṣẹ́ láti ọ̀nà jíjìn pé ọ̀la lọdún. Ojú ni wọ́n fi ń wá oṣù. Bí ààwẹ̀ bá pé ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, tọmọdé tàgbà á jáde sí pápá yídì ní ìrọ̀lẹ́, wọn á kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Bí oṣù bá lé, wọ́n á túnu lọ́jọ́ kejì. Bí wọn kò bá rí i, wọ́n á gba ààwẹ̀ ọjọ́ kan sí i kó lè pé ọgbọ̀n. Bí ẹnìkan ṣoṣo bá sì ní òun rí i, kò tó. Olóòótọ́ méjì gbọ́dọ̀ jẹ́rìí níwájú Lèmọ́mù kí ìlú tó túnu.

Aránṣọ yìí ní ọ̀rẹ́ kan tẹ́lẹ̀, alápatà ni. Ilé wọn kò jìnnà síra. Nígbà tí bàbá aránṣọ kú, alápatà kò wá kírun sí i lára, kò sì yọjú láti kí wọn kú ará-fẹ́ra-kù. Aránṣọ retí rẹ̀ títí wọ́n fi ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ tán. Láti ọjọ́ náà, kò dárúkọ ọkùnrin náà mọ́. Alápatà náà kò sì wá ṣàlàyé. Mọ́ṣáláṣí kan náà ni wọ́n ti ń kírun, ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá dúró ní sàfù iwájú, èkejì á gba ẹ̀yìn lọ. Àwọn àgbà dá sí i títí ó fi sú wọn. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún kan, ìparí ààwẹ̀ bọ́ sí àkókò òjò. Àwọn ará ìlú jáde sí yídì, ṣùgbọ́n ìkùukùu ti bo ojú ọ̀run pátápátá. Wọ́n dúró títí oòrùn fi wọ̀. Wọ́n ṣínu, wọ́n kírun Mọ̀gàríbì níbẹ̀, wọ́n tún wòkè, wọn kò rí nǹkan kan. Wọ́n bá padà sílé.

Aránṣọ kò sí láàárín wọn. Ó ti gbé aṣọ ọdún lọ fún àwọn ará abúlé kan lẹ́yìn àpáta, ó sì ń bọ̀ nílé. Orí àpáta ni oòrùn wọ̀ bá a. Ó fi omi ṣínu, ó kírun, ó ń dìde ni afẹ́fẹ́ kan bá fẹ́. Ìkùukùu là. Kò là púpọ̀, ó là bí ìgbà tí ènìyàn bá rọra ṣílẹ̀kùn. Oṣù wà níbẹ̀.

Ó tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ tí ọkùnrin náà kò kọ́kọ́ gba ojú ara rẹ̀ gbọ́. Ó wà lókè igi àràbà kan, ìwo rẹ̀ méjèèjì kọjú sókè, ìràwọ̀ kan ṣoṣo sì wà lápá òsì rẹ̀. Kò sí ìró kankan lórí àpáta, igbó ìsàlẹ̀ náà pa rọ́rọ́. Ó rò ó pé kí a tó bí bàbá bàbá òun, oṣù yìí ń lé bẹ́ẹ̀. Kò sí ọba tó pè é, kò sí ọba tó lè dá a dúró, Ẹni tó ń darí rẹ̀ kò sì ṣi ọ̀nà rẹ̀ rí. Ẹ̀rù Ọlọ́hun bà á, orí rẹ̀ sì wú. Omi lé sójú rẹ̀, kò sì mọ ìgbà tó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, tó ń ṣe àdúrà oṣù tuntun.

Bó ti ṣe é tán, ó gbọ́ tí ẹnìkan ṣe àmín.

Ó yíjú padà. Alápatà ni. Ó wá já ewé fún àwọn àgbò rẹ̀, ìdì ewé ṣì wà léjìká rẹ̀. Òun náà ń wo ọ̀run, ó sì ti ṣe àmín sí àdúrà náà kó tó mọ ẹni tó ń ṣe é. Wọ́n wo ara wọn. Ìkùukùu padé. Oníkálukú gba ọ̀nà tirẹ̀ sọ̀kalẹ̀.

Ilé Lèmọ́mù ni aránṣọ lọ tààrà. Àwọn àgbà àdúgbò ti jókòó síbẹ̀. Ó ní òun rí oṣù, ó sì sọ ibi tí òun ti rí i.

Lèmọ́mù ní, "Mo mọ̀ pé o kì í purọ́. Ṣùgbọ́n ojú ẹnìkan kò tó fún ìlú. Ta ló wà pẹ̀lú rẹ?"

Aránṣọ ń wo ẹnu ọ̀nà. Ó rò pé alápatà yóò wá fúnra rẹ̀. Àwọn mìíràn ń wọlé, alápatà kò sí nínú wọn. Nínú ilé gbogbo, àwọn obìnrin kò mọ̀ bóyá sààrì ni àwọn máa sè tàbí ọbẹ̀ ọdún. Lèmọ́mù ní bí kò bá sí ẹlẹ́rìí kejì kí àwọn tó kírun Ìṣáì, òun á kéde pé ààwẹ̀ ń bẹ lọ́la. Aránṣọ mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ìlú yóò gba ààwẹ̀ lọ́jọ́ ọdún, ọjọ́ tí Ọlọ́hun ní ká má gba ààwẹ̀, nítorí pé òun kò fẹ́ la ẹnu.

"Búsárì ló wà níbẹ̀," ó ní. "Búsárì alápatà."

Ẹnìkan dìde pé kí òun lọ pè é, Lèmọ́mù ní kó jókòó. Ó wo aránṣọ, ó ní, "Ìwọ ni wàá lọ."

Ọ̀ọ̀dẹ̀ ló ti bá alápatà, tó jókòó, tí kò tí ì tú ìdì ewé. Ó ti dìde lẹ́ẹ̀mejì láti lọ jẹ́rìí, ó sì tún jókòó, torí ó dá a lójú pé aránṣọ yóò sọ pé òun nìkan ló wà níbẹ̀. Aránṣọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó sálámà. Alápatà dá a lóhùn.

"Lèmọ́mù ń pè ọ́," ni aránṣọ wí. "Mo ti sọ fún wọn pé o rí i."

"O dárúkọ mi?"

"Mo dárúkọ rẹ."

Alápatà tẹ orí ba. Ó ní lọ́jọ́ tí bàbá aránṣọ kú, òun àti bàbá náà ti ṣe gbólóhùn asọ̀ láàárọ̀, òun sì ti gbóhùn sókè sí i. Nígbà tí ariwo ikú sọ, ìta ògiri wọn ni òun dúró sí títí wọ́n fi gbé òkú jáde. Ìtìjú kò jẹ́ kí òun wọlé.

"Nígbà tí ọjọ́ kẹjọ ti kọjá," ó ní, "mi ò mọ ẹnu tí mo máa fi bẹ̀rẹ̀ mọ́."

Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó gbé ìdì ewé náà kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ní, "Jẹ́ ká máa lọ. Ìlú ń retí wa."

Lèmọ́mù gbọ́ ẹ̀rí wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Aránṣọ ní oṣù náà rí bí òwú funfun tí ènìyàn tẹ̀ kọrọdọ. Alápatà ní ó rí bí ẹnu ọ̀bẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n. Ṣùgbọ́n àràbà kan náà ni wọ́n dárúkọ, ìwo tó kọjú sókè kan náà, àti ìràwọ̀ kan náà lápá òsì. Nígbà tí Lèmọ́mù yóò sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Ọ̀la lọdún," ó ní. "Gbogbo wa dúró ní yídì, Ọlọ́hun fi í pamọ́ fún wa. Àwọn méjì tí kì í kí ara wọn ló ṣí i fún. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rù Rẹ̀."

Bàbá Mùnírátù, torí tìrẹ ni mo ṣe sọ ìtàn yìí. O wá sọ fún mi lónìí pé o kò ní bá àwọn ará mọ́ṣáláṣí yín kírun mọ́, pé ìwọ ti rí òtítọ́, ojú wọn ló fọ́. Ó lè jẹ́ pé o rí i lóòótọ́. N kò bá ọ jiyàn. Ṣùgbọ́n Ọlọ́hun tó lè fi oṣù han gbogbo ayé lẹ́ẹ̀kan náà, Òun náà ló ní kí ojú ẹnìkan má tó. Ó mọ̀ pé bí ojú ẹnìkan bá tó, a kò ní wá ara wa mọ́. Èyí tó ń bí ọ nínú jù láàárín wọn, o kò mọ ohun tí Ọlọ́hun ti fi hàn án tó jẹ́ pé òun ni yóò bá ọ jẹ́rìí sí i. Dìde, kí ilẹ̀ tó ṣú. Ilé rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ yà, kí o sì sálámà kí òun tó rí ọ.