Ọta Tó Sọdá Odò

Ọdẹ kan gbé létí odò ńlá nígbà kan, oko rẹ̀ sì wà lódìkejì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ sọdá lọ wa iṣu. Òjò ti rọ̀ púpọ̀ lókè odò. Kí obìnrin náà tó múra àtibọ̀, omi ti kún, ó sì ti gbé afárá onígi lọ. Bí ìyàwó ṣe há sọ́hùn-ún nìyẹn, tí ọkọ wà níhìn-ín.

Iṣu wà lóko, ebi kò lè pa á. Ẹfọ̀n kan ni wọ́n ń bẹ̀rù. Ẹnìkan ti ṣe é léṣe rí, láti ìgbà náà ló sì ti ń bínú sí èèyàn. Bó bá dìrọ̀lẹ́, á wá máa fi ìwo gbún òpó ahéré, Àwẹ̀ró á sì sá gun orí àjà. Ọdẹ á dúró létí omi, á máa wò. Ìbọn ṣakabùlà rẹ̀ kò lè débẹ̀. Bó bá tilẹ̀ débẹ̀, ọta rẹ̀ á fọ́n ká, ó sì lè ba ìyàwó.

Nígbà mìíràn, obìnrin náà á wá sétí omi, afẹ́fẹ́ á sì gbé ohùn rẹ̀ wá.

"Ọkọ mi, ṣé ẹ ti jẹun?"

Ìbéèrè yìí ló máa ń mú un sunkún. Ó ń rí aṣọ tí ìyàwó rẹ̀ ró, ó ń rí èéfín iná tó dá, kò sì lè fọwọ́ kàn án.

Ó tọ alágbẹ̀dẹ ìbọn lọ. Ìyẹn gbé ọ̀pá ìbọn méjì síwájú rẹ̀, tí inú wọn lọ́ bí okùn, kí ọta kan ṣoṣo lè máa yí bó ti ń lọ, kó má yà. Ọ̀kan gùn, ó tínrín, ó ń dán. Ìkejì kúrú díẹ̀, ó ki, ó sì wúwo.

Alágbẹ̀dẹ ní, "Èyí tó ki ni kí ẹ mú. Èyí tó tínrín yìí máa ń tètè gbóná, bó bá sì ti gbóná, ọta rẹ̀ kì í lọ síbi tí ẹ nà án sí mọ́."

Ọdẹ ní, "Ibi tó jìnnà ni mo fẹ́ ta dé. Ẹ fún mi ní èyí tó gùn. Ara mi ò lélẹ̀, mo fẹ́ tètè padà sétí omi."

Ẹfọ̀n wá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ọdẹ yìnbọn, ọta bọ́ sẹ́bàá ẹsẹ̀ ẹfọ̀n. Ọdẹ kò dúró kí irin tutù, ó tún yìn ín, ó tún yìn ín. Ọta ìkẹyìn fọ́ òpó ahéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí Àwẹ̀ró.

"Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ má yìn ín mọ́!"

Láti ọjọ́ náà, obìnrin náà kò wá sétí omi mọ́.

Ọdẹ padà lọ gbé ọ̀pá wíwúwo náà. Ó ń ta òkìtì ọ̀gán láti fi kọ́ bí ọta rẹ̀ ṣe ń lọ. Bó bá yìn ín lẹ́ẹ̀kan, á dúró títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ á fi lè sinmi lára irin náà. Gbogbo ìgbà tó fi ń dúró, òdìkejì ló ń wò. Kò rí ẹnikẹ́ni.

Níkẹyìn, ẹfọ̀n wó òpó, àjà sì dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọdẹ dojú bolẹ̀, ó gbé ìbọn lé orí òkúta, ó jẹ́ kí èémí rẹ̀ rọlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ló yìn ín. Ẹfọ̀n kúnlẹ̀, ó sì ṣubú.

Àwẹ̀ró sọ̀ kalẹ̀. Ó rìn wá sétí omi, ó jókòó, ó kọjú sí ọkọ rẹ̀. Omi ṣì kún láàárín wọn. Bí wọ́n ṣe ń jókòó wo ara wọn nìyẹn lójoojúmọ́, títí ọ̀gbẹlẹ̀ fi dé, tí odò fà, tí Àwẹ̀ró sì fẹsẹ̀ rìn sọdá wá.

Bàbá Adùnọlá, torí yín ni mo ṣe pa ìtàn yìí. Ẹ ní ọmọ yín ò gbé fóònù yín mọ́ láti ìgbà tó ti bínú kúrò nílé. Mo mọ̀ pé àárò rẹ̀ ló ń sọ yín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ gbígbóná lẹ ń sọ sí i léraléra, ẹ̀rù sì ti ń bà á. Ẹ dúró kí inú yín tutù. Ẹ wá gbólóhùn kan tó wúwo, tí kì í ṣe èébú, kí ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì dákẹ́. Kò ní mú un délé lọ́la. Ṣùgbọ́n á jẹ́ kó lè kọjú sọ́dọ̀ yín.