Ọ̀dà Pupa Tí Ìṣọ̀lá Fi Rúbọ

Ohun tó pẹ́ kì í ṣe ohun tó bàjẹ́. Ohun tó ń dán kì í ṣe ohun tó sunwọ̀n tán. Ọ̀rọ̀ yìí ni àgbà fi ṣe amọ̀nà Ìṣọ̀lá, ayàwòrán ará Iléṣà, ní ọdún tí iṣẹ́ gbẹ mọ́ ọn lọ́wọ́, tí ó ń jí lójoojúmọ́, tí ó ń bi ara rẹ̀ pé kí ni òun yóò ṣe sí ọkọ̀ tí bàbá òun fi sílẹ̀.

Ìṣọ̀lá ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún. Ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí láti ọdún mẹ́fà, kò sì fi ọmọ sílẹ̀. Nígbà kan rí, kò sí ìgbéyàwó tàbí ìwúyè ní àdúgbò rẹ̀ tí wọn kì í ránṣẹ́ pè é. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí fóònù ti dé gbogbo ọwọ́, tí oníkálukú ń ya ara rẹ̀, ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kì í dún mọ́ àfi bí atẹ́gùn bá fẹ́ ẹ. Ohun kan ṣoṣo tó kù tí àwọn èèyàn ń tìtorí rẹ̀ yà sílé rẹ̀ ni ọkọ̀ náà.

Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ onílẹ̀kùn méjì ni, ìjókòó méjì péré, irú èyí tí àwọn òyìnbó ṣe nítorí eré sísá. Ó rẹlẹ̀ bí ẹkùn tó fẹ́ fò mọ́ ẹran. Àwọ̀ rẹ̀ dàbí ewé kókò tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Bàbá rẹ̀ jẹ́ òṣómàáló, tó ń ta aṣọ láwìn láti ìlú dé ìlú. Lọ́jọ́ tí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣòwò lọ sí èbúté Èkó, ọ̀rẹ́ ra ọkọ̀ funfun kan tó dàbí eyín erin, òun sì ra èyí tó ní àwọ̀ ewé. Inú ọkọ̀ ojú omi kan náà ni méjèèjì ti jáde, nítorí náà ni àwọn ará ìlú fi ń pè wọ́n ní ìbejì. Nígbà tí àwọn bàbá kú, àwọ̀ ewé bọ́ sọ́wọ́ Ìṣọ̀lá, funfun sì bọ́ sọ́wọ́ Àńjọ̀rìn, ọmọ ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀, ẹni tí wọ́n jọ dàgbà.

Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, kò sí ẹni tó tíì fi ọ̀dà mìíràn kan ọkọ̀ méjèèjì. Ẹ́ńjìnnì tó bá wọn wá náà ló ṣì wà nínú wọn, tó ń kùn bí oyin. Lóòótọ́, oòrùn ti mú kí bọ́nẹ́ẹ̀tì ti Ìṣọ̀lá ṣá díẹ̀. Létí ilẹ̀kùn pẹ̀lú, níbi tí bàbá rẹ̀ máa ń gbé ìgbọ̀nwọ́ lé, ọ̀dà ti fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí irin fi ń yọjú.

Àńjọ̀rìn ló mú ìmọ̀ràn wá. Ó ní kí àwọn kun ọkọ̀ méjèèjì ní pupa, kí wọ́n gé òrùlé wọn kúrò, kí wọ́n fi ẹ́ńjìnnì ìgbàlódé àti táyà ńlá sí wọn, kí wọ́n máa fi wọ́n gbé ìyàwó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Ó ní ọ̀nà oúnjẹ ti là nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà wọ Ìṣọ̀lá létí. Ó ta kámẹ́rà ńlá rẹ̀, ó fi ra gálọ́ọ̀nù mẹ́rin ọ̀dà pupa. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹni tó máa kun ọkọ̀ dé, tó sì fi sáńpépà ha etí ilẹ̀kùn náà lẹ́ẹ̀kan péré, Ìṣọ̀lá gbá ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní kí ọkùnrin náà rọra dúró ná. Kò lè sọ ohun tó ṣe òun. Ó kàn mọ̀ pé ohun tí ọwọ́ bá ha kúrò níbẹ̀, ọwọ́ kan kò ní lè dá a padà.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe sú u ló jẹ́ kó lọ sọ́dọ̀ Yèyé Ọ̀ṣunfúnkẹ́, arúgbó abọrìṣà kan tó ń fi owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún wo ọ̀ràn fún àwọn ènìyàn. Àńjọ̀rìn bá a lọ. Kì í ṣe pé ó gbà á gbọ́. Ó fẹ́ rí ohun tí yóò máa fi ṣe ẹ̀rín ni.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni Yèyé jókòó, ó ń sá ẹ̀gúsí sínú oòrùn àárọ̀. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó gbé àtẹ wá, ó da àwọn ẹyọ náà sílẹ̀. Márùn-ún dojú sókè. Ó ní odù Ọ̀ṣẹ́ ni. Ó sì kì í báyìí pé:

Àgbà ara kì í ṣe àrùn,
Ṣíṣá àwọ̀ kì í ṣe èérí,
A dá a fún Lékeléke
Lọ́jọ́ tó ń lọ sílé aláró,
Tó ní funfun òun sú òun.
Wọ́n ní owó tí yóò fún aláró,
Òun gan-an ni kó fi rúbọ.
Ó gbọ́, ó rú.
Funfun tó fẹ́ fi sínú aró
Ni ayé fi ń dá a mọ̀ dòní.

Yèyé wá gbé ojú sókè. Ó ní, “Ohun kan wà lọ́wọ́ yín tí ẹ fẹ́ pa láwọ̀ dà. Ẹ má ṣe pa á láwọ̀ dà. Aṣọ tó wọ̀ wá sáyé ni iyì rẹ̀.”

Ìṣọ̀lá bi í léèrè ohun tí òun yóò fi rúbọ.

“Obì mẹ́rin, epo, àti ẹ̀wà sísè tí àwọn ará àdúgbò yóò jẹ, nítorí Ògún ló ni irin. Èyí kò nira. Ọ̀dà tí o ti rà ló nira. Gbogbo rẹ̀ ni kí o fi rúbọ. Wá ilé tí ọmọ tuntun ti máa ń kọ́kọ́ sunkún, kí o fi kun gbogbo ilẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀, kí o má sì rán ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí o fi ọwọ́ ara rẹ wẹ ọkọ̀ náà fún ọjọ́ mẹ́rìndínlógún.”

“Yèyé, kámẹ́rà mi ni mo tà ra ọ̀dà yẹn. Bí mo bá gbé e sílẹ̀, kò sí ohun tó kù lọ́wọ́ mi.”

“Mo mọ̀,” ni Yèyé wí. “Bí kò bá dùn ọ́, ẹbọ kọ́ nìyẹn, ìtọrẹ lásán ni.”

Ó yíjú sí Àńjọ̀rìn, ó ní ọ̀rọ̀ kan náà ló bá òun náà wí. Àńjọ̀rìn rẹ́rìn-ín. Ó ní òun kò rí òrìṣà tó mọ̀ nípa ẹ́ńjìnnì rí, ó sì dìde. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ló wa ọkọ̀ funfun lọ sọ́dọ̀ àwọn panẹlibítà. Wọ́n ha àwọ̀ rẹ̀ dànù, wọ́n fi ayùn gé òrùlé rẹ̀, wọ́n sì yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sílẹ̀.

Ìṣọ̀lá kò tètè rúbọ. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń wo àwọn gálọ́ọ̀nù náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀. Nígbà mìíràn, yóò ní kí òun tà wọ́n padà. Nígbà mìíràn, yóò ní ta ni yóò mọ̀ bí òun bá fi gálọ́ọ̀nù kan pamọ́. Ní ọjọ́ kẹrin, ó se ẹ̀wà, ó pín in, ó fi obì mẹ́rin bọ Ògún, ó sì ta epo sílẹ̀ fún un. Ó kó gálọ́ọ̀nù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú ọkọ̀, ó sì wà á lọ sí ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan tó wà ní ojú ọ̀nà oko, níbi tí ikán ti jẹ ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn.

Nọ́ọ̀sì Bọ́lárìnwá ló ń ṣàkóso ibẹ̀, obìnrin kan tí kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, tí ọkọ rẹ̀ ti kú ní ọjọ́ tó ti pẹ́. Nígbà tí Ìṣọ̀lá ṣàlàyé ohun tó gbé e wá, obìnrin náà ní, “Ẹ̀gbọ́n, a ti kọ ìwé béèrè ọ̀dà láti ọdún méjì. A kò béèrè pupa, ṣùgbọ́n a ó gbà á.” Ó fún un ní àkísà àti búrọ́ọ̀ṣì. Láti ìgbà náà, àárọ̀ ni Ìṣọ̀lá ń wẹ ọkọ̀ rẹ̀ nílé, ọ̀sán ló sì ń lọ kun ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Bó ṣe ń kùn ún ni Bọ́lárìnwá ń kọjá, tó ń fi ibi tí ọ̀dà kò kàn hàn án. Ó ya Ìṣọ̀lá lẹ́nu pé ọkàn òun fúyẹ́. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan tí kò rántí kámẹ́rà rẹ̀ rárá.

Ní ọjọ́ kẹrin tó débẹ̀, òjò ńlá kan dé lọ́sàn-án. Obìnrin kan wà nínú ilé tó ti ń rọbí láti àná, ọmọ kò wálẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Kò sí ọkọ̀ nílé ìgbẹ̀bí náà. Ọlọ́kadà kankan kò lè gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ nínú òjò. Bọ́lárìnwá jáde síta, ojú rẹ̀ bọ́ sára ọkọ̀ aláwọ̀ ewé.

“Ǹjẹ́ ó lè sáré?” ló béèrè.

“Nítorí eré ni wọ́n ṣe ṣe é,” ni Ìṣọ̀lá dáhùn.

Wọ́n gbé obìnrin náà sí ìjókòó kan ṣoṣo tó kù. Bọ́lárìnwá ká ara rẹ̀ kò sẹ́yìn, níbi tí bàbá Ìṣọ̀lá máa ń kó ẹrù aṣọ sí, ó na ọwọ́ wá síwájú láti di aláboyún náà mú. Ìṣọ̀lá ṣáná sí ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì àtijọ́ náà dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n la ẹrẹ̀ kọjá, wọ́n gun òkè, wọ́n bọ́ sójú títì. Ìṣọ̀lá tẹjú mọ́ ọ̀nà. Ó ń gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì, ó sì ń gbọ́ ohùn obìnrin náà tó ń fẹ́lẹ́ sí i. Ó rántí pé bí òun bá ti gbọ́ ti Àńjọ̀rìn ni, orí bíríkì ni ọkọ̀ yìí ì bá wà báyìí, láìní táyà, láìní ẹ́ńjìnnì.

Kí wọ́n tó wọ ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn ńlá ní ìgboro ni ọmọ náà dé. Bọ́lárìnwá ti rọra kọjá sáàárín ìjókòó méjèèjì, ọwọ́ rẹ̀ ni ọmọ náà bọ́ sí. Ó ké, gbogbo inú ọkọ̀ sì gbọ́ ọ. Àwọn dókítà gbé ìyá rẹ̀ wọlé, wọ́n dá ẹ̀jẹ̀ náà dúró. Wọ́n ní bí ó bá pẹ́ díẹ̀ sí i ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti yíwọ́. Abíọ́nà ni wọ́n sọ ọmọ náà. Ìṣọ̀lá ló jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bàbá ọmọ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ.

Ó padà sílé, ó fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò lára ìjókòó aláwọ náà, ó kun ilé ìgbẹ̀bí náà tán, ó sì wẹ ọkọ̀ rẹ̀ títí ọjọ́ mẹ́rìndínlógún fi pé. Ọwọ́ rẹ̀ wá mọ gbogbo ara irin náà bí ìyá ṣe mọ ara ọmọ: ibi tó gbà kí a fi òróró ra á, ibi tí kò gba omi púpọ̀, ibi tí ìpáàrà ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dà àtijọ́ náà ń jí díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ àkísà, láìsí pé ẹnikẹ́ni fi tuntun lé e.

Ìròyìn Abíọ́nà tàn dé Èkó. Àwọn ẹgbẹ́ kan tó ń tọ́jú ọkọ̀ àtijọ́ gbọ́, wọ́n sì wá sí Iléṣà láti wá wò ó. Àgbàlagbà kan nínú wọn kúnlẹ̀ létí ilẹ̀kùn, ó fi ìka kan ibi tí ìgbọ̀nwọ́ bàbá ti mú kí ọ̀dà fẹ́lẹ́. Ó wá ní òun ti rí ọ̀pọ̀ irú ọkọ̀ yìí tí wọ́n tún kùn, ṣùgbọ́n èyí tó ṣì wọ aṣọ tó wọ̀ wá sáyé, òun kò rí i rí. Wọ́n bẹ Ìṣọ̀lá kó máa bá àwọn tọ́jú tiwọn. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ayàwòrán ni, wọ́n ní kó máa ya gbogbo ọkọ̀ wọn, wọ́n sì fi kámẹ́rà lé e lọ́wọ́. Bí ọkọ̀ kan bá jáde lágbàlá rẹ̀, òmíràn a wọlé.

Wọ́n béèrè ìkejì ọkọ̀ náà, nítorí wọ́n gbọ́ pé ìbejì ni. Àńjọ̀rìn sì mú wọn lọ. Ẹ́ńjìnnì tuntun náà ti wúwo ju ohun tí ara ọkọ̀ lè gbé lọ, ó ti mú kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sán. Òjò sì ti gba ibi tí òrùlé wà tẹ́lẹ̀ wọlé. Pupa rẹ̀ ń dán. Àwọn àlejò yí i ká lẹ́ẹ̀kan, wọ́n kí Àńjọ̀rìn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n sì lọ. Àìsọ̀rọ̀ wọn dùn ún ju èébú lọ.

Òun náà ló padà dá nìkan lọ sọ́dọ̀ Yèyé Ọ̀ṣunfúnkẹ́. Kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ó dọ̀bálẹ̀, ó béèrè bóyá ẹbọ wà fún ohun tí a ti gé.

“Irin tí a gé kì í hù,” ni Yèyé wí. “Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó gé e kò tíì kọjá ẹ̀kọ́. Lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ. Ní kó fún ọ ní àkísà.”

Àńjọ̀rìn lọ. Ìṣọ̀lá kò bi í ní ìbéèrè kan. Ó fún un ní àkísà, ó fi ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ hàn án, àwọn méjèèjì sì ń ṣiṣẹ́ nínú àgbàlá kan náà títí di òní.

Ìṣọ̀lá kò yé yà sí ilé ìgbẹ̀bí náà, òun àti Bọ́lárìnwá sì wá fẹ́ràn ara wọn; kí ọdún náà tó parí, Bọ́lárìnwá ti di ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí ọdún mìíràn yípo, ẹkún ọmọ tuntun gba ilé tó ti dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ìṣọ̀lá ń yọ̀, ó ń yin Yèyé. Yèyé ń yin Ọ̀ṣun. Ẹni tó gbọ́ ẹbọ tó rú ló di ẹni tí ire ń wá kiri. Ẹni tó fi ọ̀rọ̀ ṣẹ̀fẹ̀ fi ìka àbámọ̀ bọ ẹnu. Àmọ́ nígbà tó tẹ orí rẹ̀ ba tó sì gbọ́, ọ̀nà là fún òun náà.